Oko Ọ̀pẹ Susan àti Owó Orí Fóònù

Igbótakò,
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2025.

Mildred ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́. Mo gbà pé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti fúyẹ́ díẹ̀. Àwa náà ṣì wà. Eruku ọ̀nà Okitipupa kò jẹ́ kí a sá aṣọ funfun síta, ṣùgbọ́n òjò àkọ́rọ̀ kò ní pẹ́ mọ́. Pásítọ̀ ní kí n bá òun kí ọ.

Orí fóònù ni mo ti ń tẹ lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ, nítorí bí mo bá pè ọ́, o kì í gbé e. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. N kò bá ọ jà.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Oko ọ̀pẹ tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ ní Òde-Ayé, mo fẹ́ tà á. Ọkùnrin kan tó ń ta pákó ní Àjàgbà, Àdìó lorúkọ rẹ̀, ti wá wò ó, owó tó dá sì dára. Mákánjúọlá àbúrò ìyá rẹ ló dúró sí mi lọ́nà. Ó ní ilẹ̀ Susan kì í ṣe ilẹ̀ ọkọ Susan. Pé ọmọ tí Susan bí nìkan ló lè ní kí a tà á, kí ọmọ náà sì kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó fọwọ́ sí i. Ojú àwọn èèyàn ló ti sọ ọ́. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní A, B, D. Ó ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ sì kọ́ mi dáadáa."

Òrùlé ilé ló ń jò, mo fẹ́ tún un ṣe kí òjò tó dé. Jọ̀wọ́ kọ ìwé náà kí o sì fi ránṣẹ́. Má jẹ́ kó pẹ́. Àdìó kì í ṣe ẹni tó ń dúró de èèyàn.

Bàbá rẹ,
Philemon.


Hull, Ẹ́ńgílándì,
Ọjọ́ kejì, Oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dáhùn. Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú níbí ń ṣàìsàn lọ́tùn-ún lósì, àwa òṣìṣẹ́ kò sì pọ̀. Ẹ̀yìn mi ṣì ń dùn mí, mo ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí.

Bàbá, mo ka ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn, ó rú mi lójú. Ẹ̀yin lẹ fi àwòrán páànù tuntun ránṣẹ́ sí mi ní ọdún tó kọjá, tí ẹ dúró níwájú ilé pẹ̀lú fìlà, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Owó ara mi ni wọ́n fi rà á. Ṣé páànù ọdún kan ti ń jò?

Àǹkù Mákánjúọlá pè mí. Wọ́n ní ẹ kì í gbé fóònù sílẹ̀ mọ́, pé bí èèyàn bá ń kí yín, inú fóònù lẹ ti ń jẹ́ ẹ. Wọ́n ní àwọn obìnrin elépo máa ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín láti àárọ̀, pé kì í ṣe ìjókòó eré. Kí ni wọ́n ń bá yín ṣe?

Mo fẹ́ rán yín létí nǹkan kan, ẹ forí jì mí bí ó bá rí bí àfojúdi. Ẹ ti fi oko yẹn dógò rí. Mo kéré nígbà náà. Ẹ gba owó lórí rẹ̀, ẹ kó o fún ọkùnrin tó ní bí òun bá wọlé ìbò, òun yóò sọ yín di ọ̀gá àgbà lọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Kò wọlé. Ẹ kò sì sọ fún màámi kí ẹ tó ṣe é. Àwọn ni wọ́n ń yan pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, lórí èéfín tà títí wọ́n fi gba oko náà padà. Mo máa ń rò pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá ẹyinjú wọn, ní pupa. Wọn kò sọ fún mi rí. Níbi òkú wọn ni mo ti gbọ́.

N kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan títí ẹ ó fi sọ òótọ́ fún mi.

Ọmọ yín,
Mildred.


Igbótakò,
Ọjọ́ karùn-ún, Oṣù Kẹta, 2025.

Mildred,

Mo kí ọ. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jáde, mo tún wọlé wá kà á. Kò sí òrùlé kankan tó ń jò. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ohun tí o sọ nípa ìyá rẹ rí bẹ́ẹ̀, ó sì burú ju bí o ti gbọ́ ọ lọ, nítorí nígbà tó gba oko náà padà tán, n kò dúpẹ́. Mo ní iṣẹ́ aya ni kó ran ọkọ lọ́wọ́.

Òótọ́ tí o ń béèrè rèé. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, Jùwọ́nlọ́lá tí mo kọ́ níwèé rí fi ilé òwò kan hàn mí lórí fóònù. N kò ní fi orúkọ ilé òwò náà ba ìwé yìí jẹ́. Èèyàn yóò fi owó náírà ra owó orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní kíríptò, wọn yóò máa bá a fi ṣòwò, yóò sì máa rí i tí òǹkà rẹ̀ ń gòkè lójú ara rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ewé. Mo fi díẹ̀ sí i. Èrè jáde, mo gbà á ní báńkì, mo fi ra àpò ìrẹsì kan. Ìrẹsì yẹn ló mú mi.

O mọ̀ pé èmi ni olórí àjọ àwọn obìnrin elépo láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, nítorí wọ́n ní tíṣà kì í jí owó. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá wọn. Wọ́n ní àwọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti fi àdírẹ́sì ilé òwò náà ránṣẹ́ sí ọ ní Oṣù Kẹwàá, mo ní kí o bá mi wò ó. O fi àmì àtàǹpàkò tó nà sókè dá mi lóhùn. Mo gbé fóònù mi yí wọn ká. Mo ní, "Ẹ wò ó, Mildred tó wà l'Ẹ́ńgílándì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára." Nígbà náà ni wọ́n kó owó jáde. Owó àjọ ọdún náà ni, èyí tí wọ́n fi ń ra ẹyìn bí àsìkò epo bá dé.

Ibi tí ẹ̀bi mi wà gan-an ń bọ̀. Oṣù Kọkànlá ni èrè ń jáde wọ̀ọ́wọ̀ọ́. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì, owó rẹ̀ yóò wọ báńkì. Ṣùgbọ́n mo ní a kò gbọdọ̀ ṣe bí ọmọ ìta. Mo ní bí a ti ń kó àjọ ni a ó ṣe máa gbà á, ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan, ní títẹ̀lé ara wa, àgbà yóò sì kó kẹ́yìn. Mo pín ipò fún wọn. Èmi ni ìkẹyìn, mo sì ń yangàn nítorí rẹ̀. Bàṣírátù, èyí tó ń ta epo lẹ́bàá ọ̀nà Òde-Ayé, wá bá mi pé kí n jẹ́ kí òun gba ti òun, pé ọkàn òun kò balẹ̀. Mo dójú tì í lójú gbogbo wọn. Mo ní, "Ojú rẹ ń kán ọ bí ọmọ tó ń yọjú sí ìkòkò ọbẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó jókòó.

Kó tó di Kérésì, bọ́tìnì náà kò dáhùn mọ́. Òǹkà owó náà wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ ṣì ń gòkè, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbà. Obìnrin kan wà tó ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Charity ló pe ara rẹ̀. Ó máa ń yin gẹ̀ẹ́sì mi. Ó ní owó orí ni ìjọba ìlú wọn ń béèrè, pé bí mo bá san án kí Oṣù Kẹrin tó parí, ilẹ̀kùn yóò ṣí, gbogbo wa yóò sì gba tiwa. Owó náà pọ̀ ju ohun tí mo ní lọ. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ ta oko ìyá rẹ.

N kò lè jókòó sójú kan, Mildred. Mo ń ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, mo ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀. Àwọn obìnrin náà ń wo ẹnu mi. Fọwọ́ sí ìwé náà kí n lè dá owó wọn padà.

Bàbá rẹ,
Philemon.


Hull,
Ọjọ́ keje, Oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Lẹ́tà yìí kò ní gùn, nítorí inú ń bí mi.

Ẹ má san owó kankan fún wọn. Kò sí owó orí. Kò sí ilẹ̀kùn. Obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí wà nínú irú rẹ̀. Ó san owó orí, wọ́n ní ó ku owó àyẹ̀wò. Ó san owó àyẹ̀wò, wọ́n ní ó ku owó ìdúró. Ó ṣì ń san gbèsè rẹ̀ di òní. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ bi Charity yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló dé tí wọn kò lè yọ owó orí náà nínú èyí tó ti wà lọ́wọ́ wọn?

Ẹ sì tún fi orúkọ mi ta ọjà. Èmi tí n kò ṣí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo fi àtàǹpàkò sí i kí ẹ lè mọ̀ pé mo rí i. Bàbá, àwọn obìnrin yẹn mọ̀ mí. Bàṣírátù ló ń bu epo fún wa láwìn nígbà tí màámi kò ní. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wọ ìlú?

Bí ẹ bá ta oko náà, kí ẹ má pè mí mọ́.

Mildred.


Igbótakò,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹta, 2025.

Mildred ọmọ mi,

Mo kí ọ, bí o tilẹ̀ ń bínú. Láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé ni mo ti kọ méjì sí ọ tí o kò dáhùn. Bóyá o kò kà wọ́n. Mo ń kọ èyí náà.

Mo bi Charity ní ìbéèrè rẹ. Ọjọ́ kejì ni ìdáhùn rẹ̀ tó dé. Ó ní òfin kò gba bẹ́ẹ̀, kí n ní sùúrù, kí n má gbàgbé gbèdéke. Mo tún ìbéèrè náà gbé kalẹ̀ lọ́nà mìíràn, bí mo ti máa ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bá fura sí. Ìdáhùn kan náà ló fi ránṣẹ́, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wo ìwé ẹlòmíràn kọ ìdánwò ni kì í lè sọ ọ̀rọ̀ náà ní ẹnu ara rẹ̀. Mo ti fi ẹgba na ọ̀pọ̀ ọmọ nítorí rẹ̀.

Nítorí náà mo ti mọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n n kò tíì lè sọ ọ́ jáde. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn obìnrin náà tún wá. Mo fẹ́ sọ pé owó náà ti lọ. Ìyálé wọn, èyí tó dàgbà jù nínú àjọ, kò jẹ́ kí n la ẹnu. Ó ní, "Tíṣà, a gbọ́ pé Àdìó fẹ́ ra oko yín. Ẹ tà á o. Ẹ san ohun tí wọ́n ń béèrè, kí tiwa lè jáde. Àwa náà yóò dá owó jọ láti fi kún un."

Òmíràn ní, "Ẹyìn ti ń pọ́n lóko, kò sí owó tí a ó fi rà á."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa."

"Ẹ ti rò ó fún wa ní Oṣù Kọkànlá, sà," ni Bàṣírátù wí. Kò gbé ojú sókè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Bí mo bá tà á, wọn yóò máa yìn mí títí di ìgbà tí Charity yóò tún fi béèrè òmíràn. Bí n kò bá tà á, èmi ni ẹni tó jókòó lé owó wọn. Ohun tó ń lé mi kiri inú ilé nìyẹn. Mo gbọdọ̀ sọ fún ọ pẹ̀lú pé mo ti gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ Àdìó. Mo gbà á kí lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ tó dé. Mo ti ná lára rẹ̀.

Kọ̀wé sí mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ èébú.

Bàbá rẹ,
Philemon.


Hull,
Ọjọ́ kejì, Oṣù Kẹrin, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú àìsinmi. Mo ka gbogbo lẹ́tà yín. N kò mọ ohun tí mo lè kọ ni.

Ọ̀gbẹ́ni arúgbó kan wà níbí tí mo máa ń wẹ̀ fún. Ó ní ọmọkùnrin kan, ilé kan ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ó kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ náà dé lẹ́yìn tí a ti palẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mọ́, ó ń bi mí bóyá bàbá òun sọ nǹkan kan.

Mo tún padà wo ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní Oṣù Kẹwàá. Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé, "Jọ̀wọ́, bá mi fi ojú tuntun wò ó, ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́." N kò ka ìyẹn. Bí mo bá ṣí i ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà mí láti mọ̀. Ẹ fi orúkọ mi ta ọjà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi orúkọ náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí náà mo ti kọ ìwé náà, mo lọ bá agbẹjọ́rò, mo fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń gbé ẹrù sókè òkun ti gbà á lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi oko náà san owó àwọn obìnrin yẹn padà, mo gbà. Bí ẹ bá fẹ́ fi san ti Charity, mi ò lè dí yín lọ́wọ́ láti ibi tí mo wà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣọ́ yín.

Ọmọ yín,
Mildred.


Igbótakò,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹrin, 2025.

Mildred ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú ìnáwó ìwé. Ó dé lọ́jọ́ Ajé. Ọlọ́kadà ló gbé e wá láti Okitipupa, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé mo gbà á. Orúkọ rẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa.

N kò parọ́ fún ọ: mo yọ̀. Mo wọ bàtà. Mo ti dé ẹ̀bá ọ̀nà láti wọ ọkọ̀ lọ sí Àjàgbà. Charity ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní àárọ̀ yẹn pé wọ́n ti bá mi dín owó orí náà kù, nítorí pé oníbàárà dáadáa ni mí. Mo dúró níbẹ̀, ọkọ̀ kan kọjá, òmíràn tún kọjá. Mo ń wo bí o ti ṣe fọwọ́ sí i. O kò ṣe é bí ẹni tó ń bínú. O ṣe é gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ ti ń ṣe nǹkan fún mi, láìjiyàn mọ́, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo padà sílé.

Mo ránṣẹ́ pe Mákánjúọlá láti Òde-Ayé, mo sì pe àwọn obìnrin náà. Mo fi ìwé náà hàn wọ́n. Ìyálé wọn pàtẹ́wọ́, ó ní Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lájò. Mo jẹ́ kí ó pàtẹ́wọ́ tán. Mo wá na ìwé náà sí Mákánjúọlá, mo ní kí ó ya á. Ó ní òun kò lè ya ìwé tí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun fọwọ́ sí. Mo gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ya á.

Ìyálé wọn ní, "Tíṣà, kí lẹ ṣe yẹn?"

Mo ní, "Owó náà ti lọ. Ó ti lọ láti Oṣù Kejìlá. Òǹkà tí ẹ ń rí lórí fóònù kò ju ohun tí èèyàn kọ sára pátákó lọ. Bí mo bá ta oko yìí, wọn yóò kó ìyẹn náà. Mildred kò yẹ nǹkan kan wò. N kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, mo fi orúkọ rẹ̀ tàn yín jẹ. Bàṣírátù fẹ́ gba tirẹ̀ nígbà tó ṣeé gbà. Èmi ni mo dí i lọ́wọ́, mo sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàṣírátù, ìwọ lo tọ̀nà. Mo bẹ̀ ọ́."

Bàṣírátù ní, "Ẹ̀bẹ̀ kì í ra ẹyìn, sà." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Àwọn yòókù kò lọ. Ìbá sàn kí wọ́n lọ. Ọ̀kan ń sunkún. Ọ̀kan ní mo ti gba owó náà fúnra mi, mo ń fi kíríptò bojú. Mákánjúọlá fẹ́ dá a lóhùn, mo ní kí ó fi í sílẹ̀, pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wí bẹ́ẹ̀. Ìyálé wọn kàn ń tún un sọ pé ó ku díẹ̀, pé ilẹ̀kùn ì bá ti ṣí. Ìrètí rẹ̀ ni mo ya, kì í ṣe ìwé.

Ohun tí mo ti ṣe láti ìgbà náà rèé. Mo ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi, èyí tó ti wà lórí bíríkì, fún Àdìó, ó sì gbà á dípò èyí tí mo ti ná lára owó rẹ̀. Ó bú mi kí ó tó gbà. Mo dá ìyókù padà fún un. Owó ìfẹ̀yìntì mi yóò máa lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin náà lóṣooṣù, Bàṣírátù ni yóò kọ́kọ́ gbà. Kò ní tó. Bí mo bá ṣírò ọjọ́ orí mi mọ́ ọn, n kò ní san án tán. Mo sọ ìyẹn náà fún wọn. Oko ìyá rẹ wà bí ó ti wà. Mo bẹ̀ ọ́ kí o jẹ́ kí wọ́n máa kọ ẹyìn rẹ̀ ní àsìkò yìí, kí wọ́n lè rí nǹkan fún epo. Ẹnu rẹ ni n óò ti gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó gun ọ̀pẹ kan níbẹ̀, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Mákánjúọlá. Bí o bá ní rárá, rárá náà ni.

Charity ṣì ń kọ̀wé. Ó ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa. N kò tíì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù, n kò mọ ìdí. N óò pa á rẹ́ lónìí.

Ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Mo ṣì ń rìn kiri. Lánàá, ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ìsọ̀ Bàṣírátù. Ó ń sá èkùrọ́ sórí àpò lẹ́bàá ọ̀nà. Ó rí mi, kò kí mi. Mo kí i, ó ń sá èkùrọ́ rẹ̀ lọ. Mo dúró síbẹ̀. Ó wá ní, "Tíṣà, ẹ ti dí oòrùn èkùrọ́ mi."

Mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ní kí n máa lọ.

Bàbá rẹ,
Philemon.